Ọkọ̀ Àgbà Kì Í Gbàgbé Gbèsè

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé Òṣómàáló fún. Oníṣòwò aṣọ ni. Á fi ẹ̀rín gbé ọjà àwìn lé yín lọ́wọ́, á kọ orúkọ yín sílẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín, kò sì ní dìde títí owó rẹ̀ á fi pé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ àgbà. Ọ́ìlì tí ẹ kò pààrọ̀, omi kànga tí ẹ bù sí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ ń kánjú, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ń dún kó-kó-kó tí ẹ fi rédíò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbowó rẹ̀, ó lè jẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà sí Iléṣà ló máa lóṣòó sí, lálẹ́, nínú òjò, tí àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Àlàyé yìí dá lórí ohun méjì tó so kọ́ra: bí a ṣe ń san gbèsè ọkọ̀ àgbà díẹ̀díẹ̀, àti eré kan tí wọ́n ń pè ní autocross, tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ gbèsè tó kù nílẹ̀ kó tó di ọ̀rọ̀ ojú títì.

Irú eré wo ni?

Ẹ mú pápá kan tó tẹ́jú, tó ṣófo. Ẹ to kóònù rọ́bà sí i, irú èyí tí wọ́n ń tò sójú títì nígbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe, kó di ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo á wọlé, á sá a já, wọ́n á sì fi aago ka àkókò rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá jáde tán kí òmíràn tó wọlé. Ọkọ̀ kì í lé ọkọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Aago nìkan ni gbogbo wọn ń bá jà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944 ló ń ṣe ètò tó gbajúmọ̀ jù, Solo ni wọ́n sì ń pè é. Lábẹ́ òfin wọn, ẹni tó bá gbá kóònù kan, ìṣẹ́jú àáyá 2 á kún àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣìnà, eré yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọ̀dà, ní àyè ìgbọ́kọ̀sí ńlá, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Bìrìtìkó, orí koríko tàbí ilẹ̀ lásán ni autocross wà, èyí sì sún mọ́ irú ilẹ̀ tí àwa ní. Nígbà tí FIA, àjọ tó ń bójú tó eré ọkọ̀ lágbàáyé, ṣe ìdíje Motorsport Games ní Marseille lọ́dún 2022, wọ́n fi irú eré kóònù yìí kún un, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló sì ń wa ọkọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Eré kan kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè má kúrò ní gíà kejì títí tó fi máa parí. Kọ́nà ni wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò, ìdí nìyí tí ọkọ̀ olówó kékeré fi ń rí àyè níbẹ̀.

Ọkọ̀ àgbà ti tó

Àwọn tó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1970 rántí Peugeot 504. Ọdún 1968 ló jáde ní Faransé. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, tí ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìjàpá sì kún ìgboro. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, 504 ló máa ń wọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba ìgbéga, 504 ló ń fojú sí.

Ìdílé 504 yìí gba ipò kìíní nínú Safari Rally ti Kẹ́ńyà ní 1975 àti 1978, nínú eruku àti ẹrẹ̀ tí ẹni tó mọ ọ̀nà oko kòkó ò ní bẹ̀rù. 404, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin ṣáájú: 1963, 1966, 1967 àti 1968. Àwọn ọkọ̀ tó yá ju èyí lọ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Peugeot rọ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra, mẹkáníìkì sì lè tú u kó tún un tò lábẹ́ igi. Nínú ìdíje tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í parí, ọkọ̀ tó bá ń lọ láìdúró ló ń borí.

Lónìí, tòkunbọ̀ Japan ló kún ọ̀nà wa. Camry tí wọ́n sọ ní Pencil àti Big Daddy, Accord tí wọ́n sọ ní Baby Boy àti End of Discussion, Corolla oríṣìíríṣìí. Èyíkéyìí nínú wọn ló tó fi bẹ̀rẹ̀, tí ó bá ti ní nǹkan mẹ́ta: kó má ga jù, nítorí jíìpù àti bọ́ọ̀sì tí orí wọn ga lè dojú dé nínú kọ́nà, kí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní ọjà Iléṣà tàbí Òṣogbo, kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì wà nítòsí.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á ni, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án kí ẹ tó dé. Ọkọ̀ tó ń ṣòro tàn, tó ń tú èéfín, tó ń gbọ̀n, àárọ̀ tó tutù ló ń jẹ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ padà wá lọ́la.

Gbèsè kìíní: omi

Nínú ọkọ̀ àgbà, ooru ló ń tètè pa ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróò ń jó nínú rẹ̀. Omi ń yí i ká, ó ń gba ooru náà, ó ń gbé e lọ sí rédíétọ̀ níwájú. Fáànù àti atẹ́gùn á fẹ́ ẹ tutù, omi á sì tún padà. Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan wà lójú ọ̀nà yìí tó ń jẹ́ tẹ́mósítáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ó ti ilẹ̀kùn pa kó lè tètè yá. Tí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 82 sí 90, á ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń yọ ẹ̀ṣọ́ yìí sọnù, wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa kò bá a mu. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í yá bó ṣe yẹ. Á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì inú rẹ̀ á sì máa tètè bàjẹ́. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ wá ẹ̀ṣẹ̀ náà síbòmíràn: rédíétọ̀ tó ti dí, fáànù tó ti kú, pọ́ǹpù omi tó ń jò, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tó ti ṣá. Ìdérí yẹn ń ki omi mọ́lẹ̀ kó má baà hó ní ìwọ̀n 100. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń tú sójú ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná.

Omi kànga ní èròjà ilẹ̀ nínú. Ó ń dì mọ́ ara irin bó ṣe ń dì mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Kúláǹtì ni kí ẹ lò, nítorí ó ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Tí ẹ bá wá fa igi ọ́ìlì yọ, tí ẹ rí i pé ọ́ìlì ti dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé nìyẹn. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ má gbìyànjú láti wà á délé.

Gbèsè kejì: ọ́ìlì

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀. Ẹ fa igi rẹ̀ yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ wá wò ó. Àárín àmì méjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà, kó sì sún mọ́ ti òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Nínú eruku wa, kìlómítà 5,000 ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú fílítà rẹ̀.

Autocross kì í fojú fo gbèsè yìí. Tí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà líle, ọ́ìlì á sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí omi inú garawa tí wọ́n fì. Tí kò bá pọ̀ tó, ẹnu pọ́ǹpù á ṣófo, irin á máa ha irin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti ba ohun tí ẹ fi ogún ọdún tọ́jú jẹ́.

Èéfín náà ní èdè tirẹ̀. Dúdú kirikiri, epo ti pọ̀ jù nínú ohun tó ń jó. Aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti yá, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Gbèsè kẹta: bíréèkì

Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí bíréèkì bá gbóná gan-an, ọ̀rinrin náà á hó, á di oru nínú páìpù. Oru ṣe é tẹ̀ pọ̀, omi kò ṣe é tẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ yín á wá tẹ pẹ́dà wọlẹ̀ láìbá nǹkan kan pàdé. Ẹ máa pààrọ̀ omi yìí ní ọdún méjì-méjì, kódà tí kò bá jò. Tí pẹ́dà bá rọ̀ bí fòómù, wọ́n gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ jáde. Tí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, bíréèkì táyà kan ló ń ṣiṣẹ́ ju ti èkejì lọ.

Gbèsè kẹrin: táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀

Gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, ojú ibi mẹ́rin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ti ń kan ilẹ̀. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó jinlẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, tó ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Má wo eyín, wo ọdún, ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí olúkúlùkù máa sọ fún ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ń ta táyà.

Bí táyà ṣe ń jẹ ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní etí méjèèjì, afẹ́fẹ́ kò tó. Tó bá jẹ ní etí kan ṣoṣo, ẹ lọ ṣe àláyìmẹ́ǹtì. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń fẹ́ táyà fojú díwọ̀n rẹ̀.

Fún ẹsẹ̀, ẹ lọ sí igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ga sókè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà láyé. Tó bá ń jó lọ jó bọ̀, ó ti kú. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bọ́ọ̀ṣì ni ọ̀nà wa máa ń kọ́kọ́ pa, ariwo wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ́ awakọ̀ lára.

Gbèsè karùn-ún: iná

Ẹ fi míta wọn bátìrì: nígbà tí ọkọ̀ bá kú, nǹkan bí fóòtì 12.6, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, bíi 13.8 sí 14.5. Tí kò bá dé ibẹ̀, ọ̀tánétọ̀ ni kí ẹ bi, kí ẹ má tíì ra bátìrì tuntun. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi so bátìrì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ò tó. Nínú kọ́nà, bátìrì lè fò kó kan irin, kó sì dáná. Irin tó yẹ kó dì í mú ni kí ẹ dá padà.

Àárọ̀ ọjọ́ eré

Kí ọkọ̀ tó wọ pápá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í sì í ṣe ẹni tó ni ín. Ẹ kó gbogbo nǹkan jáde: jáàkì, sípánà, táyà àfidípò, ìgò omi, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ tó lè ká mọ́ pẹ́dà. Ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà le. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán. Ẹ tẹ pẹ́dà iná, ẹ fi í sílẹ̀, kó padà fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì dídè, akoto lórí, fèrèsé méjèèjì lókè. Ọkọ̀ tí kò bá yege, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kódà kó jẹ́ ti ẹni tó ṣètò eré.

Lẹ́yìn náà ni kí gbogbo awakọ̀ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà eré, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ibi tí kóònù dà bí igbó lójú ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀nà.

Bí a ṣe ń wà á

Ẹ rántí ọmọbìnrin tó gbé omi láti odò. Kì í dúró lójijì, kì í yà lójijì. Tó bá fẹ́ yà, á kọ́kọ́ dín ìrìn rẹ̀ kù, á wá yí gbogbo ara pọ̀. Ọkọ̀ náà gbé omi tirẹ̀: ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ìwọ̀n náà á sáré síwájú, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹ ki iná, á sáré sẹ́yìn. Ẹ yà sọ́tùn-ún, á dà sósì. Awakọ̀ tó dára kì í jẹ́ kí omi náà dànù.

Táyà wá dà bí aláàárù tó ní ọgọ́rùn-ún náírà láti ná. Tó bá ná ọgọ́rin lórí bíréèkì, ogún ló kù fún kọ́nà. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì wọ kọ́nà tó sì tún yí sítíárín gan-an, ó fẹ́ ná ohun tí kò ní. Ọkọ̀ á máa lọ tààrà bí ẹni pé kò gbọ́. Nítorí náà, ẹ tẹ bíréèkì tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí ìlà tó tọ́, ẹ yà, kí ẹ tó wá ki iná díẹ̀díẹ̀ bí sítíárín ṣe ń padà. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ wà lára kóònù tó wà níwájú yín. Èyí tó tẹ̀lé e ni kí ẹ máa wò.

Tí a bá fẹ́ ṣe é ní Ifẹ̀wàrà

Ifẹ̀wàrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtàkúmọ̀sà, ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ wúrà sì ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mọ orúkọ ìlú náà dáadáa nítorí ojú ibi tí àpáta ti ya láti ìgbà láéláé, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ilẹ̀ tí àpáta ti ya báyìí kì í tẹ́jú bí ẹní. Pápá ilé-ìwé lọ́jọ́ ìsinmi, tàbí ilẹ̀ ìpàdé tí ìlú ti ro, ni èèyàn á kọ́kọ́ rò.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, ilé-ìwé àti ààfin, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe é lójú ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà, kódà lóru. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin pápá náà, kí ẹ wá àpáta tó yọrí àti kòtò tí koríko bò. Láti ọ̀nà eré dé ibi igi, òpó iná tàbí ògiri, kó má dín sí mítà 10. Tí kò bá sí kóònù, ike ọ̀dà tó ṣófo tó. Ẹ má fi òkúta tàbí igi rọ́pò rẹ̀, nítorí awakọ̀ máa gbá a. Níbi tí ọkọ̀ ti ń yí kiri láàárín kóònù tó tò sí ìlà kan, mítà 15 láàárín méjì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ibi tí àwọn èrò dúró sí ṣe kókó jù. Ọkọ̀ tó bá yọ̀ nínú kọ́nà, ìta ló ń yọ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ní ìta kọ́nà kankan, ẹ so okùn, ẹ fi àwọn ọmọdé sẹ́yìn rẹ̀. Kí agolo ìpaná wà lọ́wọ́, kí ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì sì wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tí kò tíì kàn ni kí wọ́n máa gbé kóònù tó ṣubú dìde, kí wọ́n mú àsíá pupa lọ́wọ́ láti dá ọkọ̀ dúró.

Ìwé gbèsè

Tí ẹ bá sá eré tán, tí ẹ jáde nínú pápá, ẹ má tíì lọ jókòó. Ẹ fi ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án: èyí tí ooru rẹ̀ ju ti ìyókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń dì í mú. Kí ẹ tó wọlé ni ẹ ti yẹ kí ẹ fi ẹfun fa ìlà sí etí táyà. Ibi tí ẹfun náà parẹ́ dé ń sọ bí táyà ṣe ń dojú bolẹ̀ nínú kọ́nà, bóyá kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ tún fa igi ọ́ìlì yọ. Ohun tí yóò fi oṣù mẹ́fà jẹyọ lójú títì ti jẹyọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wá mú ìwé kékeré kan jáde, ẹ kọ ọ́ sí i: ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí ẹ gbọ́, ohun tí ẹ tún ṣe, iye tó ná yín. Òṣómàáló kì í fi gbèsè sórí, ìwé ló ń kọ ọ́ sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣìnà ilé ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ àgbà náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀, kó lè máa mú owó lọ bá olówó kí olówó tó wá bá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó gbéra lọ sí Iléṣà, ẹ ṣí ìwé náà. Tí gbogbo gbèsè bá ti ní àmì ìsanwó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa lọ. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.